Ìyá Ọkọ Mi Fẹ́ Dábẹ́ fún Ọmọ Mi

Ìbéèrè: Olóòtú, erékùṣù Snake Island ní Èkó là ń gbé. Ìyá ọkọ mi ní ká dábẹ́ fún ọmọ mi obìnrin, pé bí orí ọmọ bá kan ẹran ojú ara ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, ọmọ náà yóò kú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ gbuu ni, ìyá ìkókó. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin bí 28,000 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 6, títí kan Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n gé jinlẹ̀ gan-an lọmọ wọn ń kú jù!

Ẹ̀yin aláàánú tẹ́ ẹ fẹ́ fòpin sí àṣà yìí, ẹ má fowó ra abẹ lọ́wọ́ olóòlà kí wọ́n lè jáwọ́. Abẹ mìíràn tí wọ́n máa rà kò wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó máa wọkọ̀ ojú omi wá bá àwọn ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ náwó lé.

Ìyá ìkókó, ẹ mú ìyá ọkọ yín dání lọ síbi àjẹsára ọmọ, kí nọ́ọ̀sì fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún wọn.