Kọfí Orí Iná: Ṣe àti Má Ṣe

Láti nǹkan bí ọdún 1555 ni ilé kọfí ti wà ní Istanbul, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Nínú ìkòkò kékeré ọlọ́wọ́ gígùn tí wọ́n ń pè ní cezve ni wọ́n ti ń se kọfí lórí iná, wọn kì í sì í sẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ sè é bíi tiwọn, ẹ gbọ́.

Ṣe: Ẹ lọ kọfí náà kó kúnná bí èlùbọ́ tó gba inú ajọ̀ kọjá. Bó bá ṣì ní hóró, ìfófó rẹ̀ kò ní í nípọn.

Má ṣe: Ẹ má fi omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀. Omi tútù ni, ife kékeré tí ẹ máa fi mu ún gan-an ni kí ẹ sì fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ìpotíì méjì kọfí tó fún ife kan.

Ṣe: Ẹ da ṣúgà sí i kó tó kan iná. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ bi àlejò bóyá ó ń fẹ́ ṣúgà àti bó ṣe fẹ́ kó pọ̀ tó. Bó bá jẹ́ inú ife la ti wá ń po ṣúgà mọ́ ọn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ru sókè. Torí náà, ẹ pò ó dáadáa lẹ́ẹ̀kan nínú ìkòkò, kí ẹ yọ ṣíbí.

Má ṣe: Ẹ má jẹ́ kó hó! Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ rẹ iná sílẹ̀, ẹ má sì kúrò nídìí sítóòfù. Ìfófó á kọ́kọ́ yọ yí etí ìkòkò ká, á máa nípọn, á máa sún mọ́ àárín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á wú sókè lójijì. Ẹ gbé e kúrò kí àárín tó ya. Bó bá fi lè hó yaya, ìfófó parẹ́ nìyẹn, kọfí á sì korò. Ẹ bu ìfófó sínú ife kọ̀ọ̀kan, ẹ dá ìyókù padà sórí iná kó tún wú díẹ̀, kí ẹ wá rọra dà á lé e. Lójú tèmi, kọfí tí kò ní ìfófó kò yẹ lóhun tí à ń gbé fún àlejò.

Ṣe: Ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú bíi méjì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ gbé omi tútù tì í.

Má ṣe: Ẹ má bu mílíìkì sí i, ẹ má sì mu ún kan ìsàlẹ̀ ife.

Bí ìkánjú bá wà lọ́wọ́ yín láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.