Iye Àìyẹ̀ àti Iye Àfẹnukò

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ físíìsì bi mí léèrè orúkọ tí Yorùbá lè fún àwọn nọ́ńbà tí kì í yí padà, ìbáà ṣe láyé, ìbáà ṣe lójú ọ̀run. Mo ní, "Iye àìyẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọn kì í bá yẹ̀, kí ló dé tí ìwé fi ń yí wọn padà?

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí wọ́n ń pè ní G. Ohun gbogbo tí ó ní ìwúwo ni ó ń fa ẹlòmíràn mọ́ra. Òun ni èso fi ń já bọ́ sílẹ̀. G ni ó ń sọ bí fífà náà ti lágbára tó. Ní 1798, ní London, Henry Cavendish fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ọ̀pá kan rọ̀, ó fi bọ́ọ̀lù òjé sí orí rẹ̀ méjèèjì, ó gbé òjé ńláńlá sún mọ́ wọn, ó sì wo bí ọ̀pá náà ti yí díẹ̀. Ìwúwo ilẹ̀ ayé ni òun ń wá ní tirẹ̀. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ni wọ́n yọ G jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀. Fífà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lásán fi lè da ìwọ̀n náà rú.

Ìgbìmọ̀ àgbáyé kan, CODATA, ni ó ń yẹ gbogbo ìwọ̀n wò, tí ó sì ń kéde iye tí ó yẹ kí a lò. Láti 1973 ni ó ti ń ṣe é. A máa kọ iyèméjì tí ó wà lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ní 1986, ó ní iyèméjì orí G jẹ́ ìdá 128 nínú mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan ní Jámánì wọ̀n ọ́n, tiwọn sì fi nǹkan bí ìdá 6 nínú ẹgbẹ̀rún ju ti ìgbìmọ̀ lọ. Nígbà tí ó di 1998, ìgbìmọ̀ náà sọ iyèméjì di ìdá 1,500! Èyí wú mi lórí jọjọ. Àgbà mélòó ni yóò sọ̀rọ̀ láàárín ọjà, tí yóò tún padà wá wí pé ohun tí òun mọ̀ kò tó bí òun ti rò? Nínú ìwé ti 2022, ó ti dín kù sí ìdá 22.

Ti ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀. Láti 1983 ni wọ́n ti fẹnu kò pé mítà 299,792,458 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú òfìfo. Kò sí iyèméjì níbẹ̀, nítorí òun gan-an ni a fi ń mọ gígùn mítà, bí ìgbà tí ọjà bá yan kọ́ńgò kan tí gbogbo kọ́ńgò yòókù ń tẹ̀ lé.

Mo padà tọ ọ̀rẹ́ mi lọ. Mo ní iye àìyẹ̀ ni ti ẹ̀dá, iye àfẹnukò ni ti inú ìwé. Ó gba ìkejì. Ní ti ìkínní, ó ní kí n rọra, nítorí àwọn kan ṣì ń wọ̀n ọ́n láti mọ̀ bóyá kì í yẹ̀ lóòótọ́.