Ìmọ̀ràn Fún Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Ń Ra Sọ́kẹ́ẹ̀tì Onítáímà

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kó sí ilé tuntun ní Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n àti Ìdóàní, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo rí i pé ẹ ti ń ra sọ́kẹ́ẹ̀tì onítáímà, àti èyí tí ẹ ń fi fóònù tàn, tí ẹ ń fi fóònù pa. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ilé tí iná kì í lọ ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Iná BEDC tiwa ń lọ, ó ń bọ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń ṣe nígbà tí iná bá padà dé ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, kí ẹ tó wo ẹwà rẹ̀.

1. Ẹ mọ ohun tó ń yí aago rẹ̀. Táímà tó ní àwo róbótó, tí a ń tẹ eyín rẹ̀ wálẹ̀, iná ló ń yí i. Bí iná bá lọ fún wákàtí 6, aago náà á dúró fún wákàtí 6. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó tàn ní aago 7 alẹ́ á wá di èyí tó ń tàn ní aago 1 òru. Èyí tó ní bátìrì kékeré nínú ni kí ẹ rà.

2. Ẹ má fi ohun tó ń gbóná sí i. Ẹlòmíràn ń lọ aṣọ lọ́wọ́, iná lọ, ó gba ibi iṣẹ́ lọ láìyọ áyọ́ọ̀nù. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá tan áyọ́ọ̀nù náà nígbà tí iná dé, ilé lè jó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Polytechnic, híítà tí ẹ ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi náà wà nínú rẹ̀. Nínú ètò orí fóònù, ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ kí ẹ yàn bóyá kó wà ní pípa tí iná bá dé. Pípa ni kí ẹ yàn.

3. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Níbi fóólìtì 230, èyí tó jẹ́ áńpù 10 kò gbọdọ̀ gbé ju wáàtì 2,300 lọ. Áńpù 13 kò gbọdọ̀ ju 2,990. Pọ́ǹpù omi àti ẹ̀rọ amúlétutù máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ bá yín so tiwọn. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gbóná lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ kíá.

4. Ẹ yẹ ẹrù òkè òkun wò. Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti London, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa ni. Ti Amẹ́ríkà, fóólìtì 120 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún. Àdápítọ̀ kò lè dín agbára iná kù. Ìrísí ẹsẹ̀ nìkan ló ń yí padà.

5. Kì í ṣe sítábíláísà. Bí iná bá rẹlẹ̀ tàbí tó ga jù, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe dé inú fíríìjì yín. Ẹ ra ohun tó ń dáàbò bo fíríìjì, tó ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jẹ́ kí iná wọlé.

6. Ẹ má gbára lé Wi-Fi pátápátá. Bí iná bá mú ẹ̀rọ Wi-Fi yín lọ, fóònù ò ní lè pàṣẹ. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnnì lára, tó sì ń pa ètò àkókò mọ́ sínú ara rẹ̀.

7. Ẹ fi ṣọ́ owó yín. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó yúníìtì kan fún àwọn Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, dé náírà 225. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ka yúníìtì á fi ohun tó ń jẹ owó mítà yín hàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sólà, ẹ fi táímà mú kí fìrísà ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí oòrùn ń ràn, kí bátìrì lè sinmi lóru.

8. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kó tàn án, kó pa iná ṣọ́ọ̀bù láti ibi mítà, kó sì tún un tàn. Bí kò bá gbà, ẹ mú owó yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.