Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́, Ìsọjí Kì í Wo Orúkọ Ìjọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní Mushin, ìjọ mẹ́ta lè wà ní òpópónà kan, kí gbohùngbohùn ọ̀kan máa bo tèkejì mọ́lẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, kí gbogbo wọn sì máa tọrọ ìsọjí kan náà. Ìsọjí tí ẹ ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ kò ti inú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wá. Ní 1930, àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle pé jọ sí Òkè-Oòyè, Iléṣà, láti yanjú aáwọ̀ ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa kátakátá tí wọ́n fi ń tẹ títì, ti di ohun èlò ìsọjí. Àwọn àgbà tó mọ̀wé jù ú lọ ló gbà á láyè. Lójú tèmi, ìrẹ̀lẹ̀ wọn yìí tó ohun tí à bá máa wàásù lé lórí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyanu nìkan là ń ròyìn.

Ẹ tún wo àpẹẹrẹ kejì. Ní 1973, W. F. Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ilé rẹ̀ ní Akoka pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ ìjọ oríṣiríṣi ló ń wá. Ẹ lè ní àwọn náà padà di ìjọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìsìn Sọ́ńdè ní 1982. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èrò ti pé kí orúkọ ìjọ tó dé. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀kọ́ wa yàtọ̀, ta ló ní kí ẹ pa á tì? Àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ gan-an ló kó àwọn ti Òkè-Oòyè jọ. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Surulere lọ bá ti ìjọ kejì gbàdúrà, kí wọ́n jẹ́ kí onílé wàásù, kí wọ́n má sì gbé bánà tiwọn dání.