Ẹ̀KỌ́ WA: KÓÒTÙ TÓ GA JÙ LỌ ÀTI OGÚN ỌMỌ WA

Ọ̀rọ̀ kóòtù la fẹ́ kọ́ báyìí. Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló kàn wá? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kóòtù bá sọ lókè ni wọn yóò fi pín ilé tí ọkọ wa bá fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

1. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀
Ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Lọ́dún 1876 wọ́n ṣòfin kóòtù gíga fún Gold Coast (Gánà òde òní) àti Èkó, torí wọ́n ti so méjèèjì pọ̀. Lọ́dún 1886 Èkó ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ìsopọ̀ 1914, ó di ti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa ará òkè. Kóòtù ìbílẹ̀ àti kóòtù àwọn aláṣẹ òyìnbó la ní, wọn kì í sì í jẹ́ kí lọ́yà wọ ibẹ̀. Ọdún 1933 ni wọ́n pa kóòtù aláṣẹ yẹn rẹ́.

2. Lọ́ńdọ̀nù ló ń parí ẹjọ́
Nígbà náà, ẹni tí ìdájọ́ Èkó kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Privy Council. Ibẹ̀ ni Olóyè Olúwa ti jàre ìjọba lọ́dún 1921 lórí ilẹ̀ Àpápá. Lọ́dún 1958 Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà, síbẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń yí ìdájọ́ padà. Láti 1 October 1963, tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ lórí wa mọ́, kóòtù tiwa ló ń parí ẹjọ́.

3. Ìdí-igi tàbí orí-òjorí?
Ibi tó kàn wá gan-an rèé. Ọkùnrin kan kú ní Èkó láì ṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole nìyẹn. Jọ́ọ̀jì àkọ́kọ́ ní orí-òjorí ló tọ́. Lọ́dún 1958 kóòtù tó ga jù ní rárá o, ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i lọ́dún 1962, wọ́n ní olórí ẹbí lè lo orí-òjorí tí ìjà bá wà.

Ẹ wò ó báyìí. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá. Ìyáálé bí ọmọ kan, ìyàwó bí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ọmọ ìyáálé kó márùn-ún, àwọn mẹ́rin yòókù pín márùn-ún. Tó bá jẹ́ orí-òjorí, méjì méjì ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: ọmọ ló ń jogún. Nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu lọ́dún 1957, kóòtù yìí kan náà ní lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Torí náà, ilẹ̀ tá a bá fi owó ọjà wa rà, ká jẹ́ kí orúkọ wa wà lórí rìsíìtì. Ọmọbìnrin ní tirẹ̀ ń jogún baba rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá bí ọmọkùnrin. Lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, kóòtù ní àṣà Ígbò tó ń yọ ọmọbìnrin sílẹ̀ lòdì sí òfin Nàìjíríà.

4. Ọ̀nà dé òkè
Ẹjọ́ ń ti Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ wa lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, kó tó dé Abuja. Tí Ilé-ẹjọ́ Gíga bá parí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ogún, oṣù mẹ́ta péré lẹ ní láti pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má jókòó tì í o. Obìnrin náà ti jókòó lókè yẹn: Aloma Mukhtar di Adájọ́ Àgbà lọ́dún 2012, Kudirat Kekere-Ekun, ọmọ Yorùbá, lọ́dún 2024.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa
1. Ìdí-igi ni tàbí orí-òjorí ní agboolé yín? Ta ló ń pinnu rẹ̀?
2. Orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù yín?
3. Oṣù mélòó lẹ ní láti pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó sọ fún ẹni tí kò lè kàwé. Ọjà á tà o.