Bí A Ṣe Ń Mọ Ìwé Tó Bá Ọmọ Mu

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin alágbàtọ́ ọmọ òrukàn, àti ẹ̀yin olùkọ́ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní Ọ̀ṣòdì àti Ìsọlọ̀.

Nígbà tí a pín ìwé kíkà kẹ́yìn, kíláàsì ni a wò: ọmọ Pírámárì 5, ìwé Pírámárì 5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a yà sílé opó kan ní Máfólúkù. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a fún un wá, ó ka ojú ewé àkọ́kọ́ geerege. Inú wa dùn. A ní kó ṣí àárín ìwé. Ó dákẹ́. Àṣé ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti há ojú ewé àkọ́kọ́ sórí. Kò lè ka ìyókù. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ náà ti ń pe ara rẹ̀ ní olódo, ó sì ń bẹ òun pé kí òun jẹ́ kó máa kiri omi ní Ọ̀ṣòdì dípò ilé ìwé.

Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Àwa la ra ìwé tí kò bá a mu. Owó sàká la fi rà á, Ọlọ́hun yóò sì bi wá léèrè.

Ẹ jẹ́ ká rántí ilé kéwú. Ààfáà kì í wo ọjọ́ orí ọmọ kó tó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò ní kó kà á sí òun létí. Bó bá sì fura pé ọmọ há a sórí ni, yóò fi ọwọ́ tọ́ka sí àárín.

Àwọn onímọ̀ náà ti wá ọ̀nà láti díwọ̀n ìwé. Edward Fry, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwọ̀n kan nígbà tó wà ní Uganda ní àwọn ọdún 1960, kó lè ran àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ lọ́wọ́. Nínú 100 ọ̀rọ̀, yóò ka iye gbólóhùn àti iye sílébù. Bí gbólóhùn àti ọ̀rọ̀ bá gùn, ìwé náà le. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò tó. Sílébù kan ni “snow”, ọmọ Ìsọlọ̀ kò sì rí i rí. Mẹ́rin ni “generator”, kò sì sí ọmọ Ìsọlọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sì ṣeé lò fún ìwé Yorùbá, torí ọ̀rọ̀ wa kúrú. Àmì ohùn ló ń dá ọmọ dúró: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀.

Ohun tí ẹ ó máa ṣe nìyí:

1. Ẹ ṣí àárín ìwé. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó 100.

2. Kí ọmọ kà á sókè. Ẹ má bá a wí. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣì tàbí tó fò, ẹ ká ìka kan. Bí kò bá ju ìka kan lọ, ó lè dá a kà nílé. Láti méjì dé márùn-ún, kí àgbà jókòó tì í. Bó bá ju ọwọ́ kan lọ, àkókò ìwé náà kò tíì tó.

3. Ẹ pa ìwé dé, kó fi Yorùbá sọ ohun tó kà. Ìyá tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe èyí. Ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ láìmọ ìtumọ̀ kò tíì kàwé.

4. Ẹ dán Gẹ̀ẹ́sì wò lọ́tọ̀, Yorùbá lọ́tọ̀. Ẹ má fojú kékeré wo Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, kò sì dí Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ́wọ́.

Ìwé Pírámárì 2 ló bá ọmọ Máfólúkù yẹn mu. Ojú ń tì í. A fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ẹ̀yìn ìwé náà, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí nọ́ńbà. A fi Aláwíyé Olóyè J. F. Ọdúnjọ kún un. Ní báyìí, òun ló ń kàwé fún àbúrò rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò tíì dé Pírámárì 5, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ omi kíkiri mọ́.

Nítorí náà, nígbà ìpín tó ń bọ̀, ẹ mú ọmọ fúnra rẹ̀ wá. A ò ní béèrè kíláàsì rẹ̀ kí á tó gbọ́ kíkà rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó wúlò. Àmín.