Iná Ẹ́ńjìnì Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin awakọ̀ Lomé, ẹ wo dáṣíbọọ̀dù yín. Iná aláwọ̀ ìyeyè tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì ti ń tàn tipẹ́. Ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n nígbàkigbà tí ẹ bá dúró. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, gbígbọ̀n náà dínkù, ẹ ní ọkọ̀ ti dára. Àwọn kan tilẹ̀ fi téèpù bo iná náà. Ojú ara wọn ni wọ́n dì.

Ó ṣeé ṣe kí sílò ọkọ̀ yín, ìyẹn ìyára tí ẹ́ńjìnì fi ń yí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ti lọ sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì onípẹtiróòlù ń yí ní ìgbà 600 sí 900 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Bí ó bá fi nǹkan bí 100 dín sí iye tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń retí, kọ̀ǹpútà á tan iná, á sì kọ kóòdù P0506 sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996, àti onípẹtiróòlù ti Yúróòpù láti 2001, ní kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì báyìí. Àìmọye tọ́kúnbọ̀ tó gba èbúté Lomé wọlé wà lára wọn.

Ẹ ń sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ wo? Ewu náà ń dúró dè yín ní ìkóríta Déckon nírọ̀lẹ́ òní. Ẹ́ńjìnì á kú. Sítíárìn á le. Búréèkì á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ẹ ó máa fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kadà zémìjàn lọ́tùn-ún, zémìjàn lósì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà etíkun tó lọ sí Aného ni, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹrù láti èbúté ló wà lẹ́yìn yín, awakọ̀ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ẹ́ńjìnì yín ti kú.

Ká ní ẹ bọ́ níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ṣì lè máa bàjẹ́. Ọ́ìlì lè má lágbára tó, kí irin máa lọ irin. Bátìrì lè máa gbẹ. Epo tí kò jóná lè wọ sálẹ́ńsà, kí ó sì mú un gbóná kọjá ààlà.

Èyí tó burú jù ni àṣà yíyọ bátìrì kí iná lè kú. Iná á kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á gbàgbé àtúnṣe tó ti ń fi gbé ẹ́ńjìnì yín ró, sílò á sì tún lọ sílẹ̀ sí i. Ẹ tún lọ ra boudè, epo fàyàwọ́ inú ìgò, lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó tà á fún yín gan-an kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ka kóòdù kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má pa á rẹ́. Kí ó tú rọ́bà afẹ́fẹ́, kí ó wo ẹnu tírótù: ìdọ̀tí dúdú tó dì síbẹ̀ ló sábà máa ń fa àìsàn yìí, owó fífọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kí ó wo fílítà afẹ́fẹ́, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, kí ó wo púlọ́ọ̀gì àti pọ́ǹpù epo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní kí ẹ ra ẹ́ńjìnì mìíràn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí iná náà bá sì ń ṣẹ́jú, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má wà á délé. Ẹ pe ẹni tí yóò fà á.